Ipa Bógì Nínú Ìrọ̀rùn Èrò Ọkọ̀ Ojú Irin Àtijọ́ ní Amẹ́ríkà

Ìfáàrà
Bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀ ojú irin Pullman àtijọ́, àga onítìmùtìmù àti ibùsùn inú rẹ̀ ni a sábà máa ń yìn. Ṣùgbọ́n abẹ́ ọkọ̀ ni ìpìlẹ̀ ìrọ̀rùn náà wà, lára bógì. Bógì ni férémù irin tí ó kó áísù méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ wọn. Méjì ni ó máa ń wà lábẹ́ kóòṣì kọ̀ọ̀kan.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́
Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Ní ẹ̀gbẹ́ bógì kọ̀ọ̀kan, ọ̀pá irin gbọọrọ wà tí ó so áísù pọ̀. Sípírìn sì dúró lórí rẹ̀. Bí áísù kan bá gòkè ní íǹṣì 1, ìdajì íǹṣì ni àárín bógì oníkẹ̀kẹ́ mẹ́rin yóò fi gòkè. Ti oníkẹ̀kẹ́ mẹ́fà yóò jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta, nítorí pé áísù mẹ́ta ni ó pín ẹrù náà.

Bákan náà, a fi irin gbé ìdábùú tí kóòṣì jókòó lé rọ̀ bí ìgbà tí a so jangirọ́fà. Bí kẹ̀kẹ́ bá gbún sí ẹ̀gbẹ́, yóò fì jẹ́jẹ́. Àwọn sípírìn onípele abẹ́ rẹ̀ ń ha ara wọn, èyí ni kì í jẹ́ kí ọkọ̀ fò sókè sódò pẹ́.

Àwọn tí ó jẹ àǹfààní rẹ̀
Nígbà tí kóòṣì onírin bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́pò onígi láti ọdún 1907, bógì oníkẹ̀kẹ́ mẹ́fà gbilẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ Pullman. Ẹni tí ó san àfikún owó ni ó ń gbádùn rẹ̀. Ní gúúsù, níbi tí òfin ti ya aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀, kóòṣì onígi tí ó ti gbó ni wọ́n sábà ń fún wọn. Bẹ́ẹ̀ aláwọ̀ dúdú ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ń tẹ́ ibùsùn nínú Pullman.

Ní ọdún 1934, ọkọ̀ Zephyr ti ilé-iṣẹ́ Burlington jáde. Irin tí kì í dípẹtà ni wọ́n fi ṣe é, kóòṣì méjì sì ń pín bógì kan lò, kí ó lè fúyẹ́. Lẹ́yìn náà, bógì oníkẹ̀kẹ́ mẹ́rin padà gbajúmọ̀ lábẹ́ kóòṣì fífúyẹ́, pẹ̀lú sípírìn tí ó rọ̀ jù ti àtẹ̀yìnwá àti ohun èlò elépo tí ń dín ìfò wọn kù.

Ìgúnlẹ̀
Ohun tí èyí fi hàn ni pé iye kẹ̀kẹ́ nìkan kọ́ ni ìrọ̀rùn. Bí a ṣe pín ẹrù àti bí a ṣe pa ìfò ni kókó. Nítorí náà, ẹni tí ó bá tún àga kóòṣì àtijọ́ ṣe, tí ó fi bógì tí ó ti jẹ sílẹ̀, kò tíì tún un ṣe.