Kí Ẹ Tó Sanwó Ilé, Ẹ Béèrè Ibi Tí Omi Ìdọ̀tí Ń Gbà Lọ

Bí ẹ bá lọ wo ilé tí wọ́n fẹ́ tà, òrùlé lẹ ó kọ́kọ́ wò, ẹ ó wo ògiri bóyá ó ti sán, ẹ ó sì fi ìwé ilẹ̀ han lọ́yà. Ta ló ń béèrè ibi tí omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ń gbà lọ? Ilé tí àwa àti ẹbí wa rà ní Kubwa, lẹ́yìn ọdún mẹ́fà tí a fi ń dá owó sí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, kò tíì pé oṣù kan lọ́wọ́ wa tí omi dúdú fi ń yọ láti ihò balùwẹ̀ ìsàlẹ̀, nígbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá da omi sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ òkè. Ẹni tó ta ilé náà kì í gbé fóònù mọ́.

Bí ó bá jẹ́ síǹkì kan ṣoṣo ni omi rẹ̀ kò lọ, páìpù kékeré tirẹ̀ ló dí. Òróró àti ìdọ̀tí oúnjẹ ló sábà máa ń fà á. Ṣùgbọ́n bí balùwẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ilé ìdáná bá kọ omi lẹ́ẹ̀kan náà, páìpù ńlá tí gbogbo wọn ń já sí lọ̀rọ̀ kàn. Ibi tó rẹlẹ̀ jù ni ìdọ̀tí ti máa ń kọ́kọ́ yọ. Kí gbogbo ará ilé dáwọ́ omi lílò dúró ná.

Ẹ jẹ́ kí a yà sí ọ̀rọ̀ díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ wa. "Sọkawé" ni gbogbo èèyàn ń pe ohun tó wà lẹ́yìn ilé, bẹ́ẹ̀ nǹkan méjì ló wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni tánkì tí ìgbẹ́ ń rọ̀ sí, tí wọ́n rẹ́ inú rẹ̀ kí ó má baà jò. Ìkejì ni kòtò tí wọn kò rẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí omi tó ti ya kúrò lára ìgbẹ́ ń gbà wọ ilẹ̀. Èyí nìkan ló yẹ kó jẹ́ sọkawé. Ẹni tó bá lọ pe ọkọ̀ tó ń fa ìgbẹ́ nígbà tó jẹ́ pé páìpù ló dí, owó rẹ̀ á lọ, omi á ṣì máa padà wọlé.

Láàárín ilé àti tánkì, wọ́n sábà máa ń mọ àpótí búlọ́ọ̀kù sínú ilẹ̀, pàápàá níbi tí páìpù bá ti yà. Ṣéńbà ni àwọn púlọ́ńbà ń pè é. Ẹ ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láti ẹ̀gbẹ́ ilé. Bí ọ̀kan bá kún, tí èyí tó tẹ̀lé e sì gbẹ, àárín àwọn méjèèjì ni ìdínà wà. Bí gbogbo wọn bá kún títí dé tánkì, ẹ má wulẹ̀ ki irin bọ páìpù. Tánkì tàbí sọkawé ló kún. Níbi tí àpáta bá sún mọ́ ojú ilẹ̀, omi kì í tètè wọlẹ̀, ó sì tún le sí i lásìkò òjò.

Tiwa gba ọjọ́ méjì gbáko, nítorí wọ́n ti fi ìńtálọ́ọ̀kì bo ṣéńbà kejì mọ́lẹ̀ kí àgbàlá lè dára lójú ẹni tó fẹ́ rà á. Símẹ́ńtì tó ti gan la bá nínú páìpù, tí àkísà àti wáìpù ọmọdé lọ́ mọ́. Ó dájú pé àwọn tó lẹ táìsì ló fọ irinṣẹ́ wọn sí ihò balùwẹ̀. Irin kò lè fọ́ ọ. Púlọ́ńbà gé páìpù oní-íǹsì 4 náà, ó sì fi tuntun rọ́pò rẹ̀, ó jẹ́ kó dagun díẹ̀, bíi sẹ̀ǹtímítà 2 sí 2.5 fún mítà kọ̀ọ̀kan.

Ẹ má da ásíìdì àti bílíìṣì pọ̀ sínú páìpù. Gáàsì olóró ló ń mú jáde. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ inú tánkì, ì báà ṣe púlọ́ńbà tó ní òun ti ń ṣe é tipẹ́. Gáàsì inú rẹ̀ ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, ṣùgbọ́n bí ó bá pọ̀, imú kò ní gbọ́ òórùn rẹ̀ mọ́, ẹni náà á kàn ṣubú ni. Ẹni tó bá bẹ́ sínú rẹ̀ láti yọ ọ́ sábà máa ń bá a lọ. Bí kànga bá wà nítòsí ibi tí ìdọ̀tí ti kún jáde, ẹ má mu omi rẹ̀: kọ́lẹ́rà àti táífọ́ọ̀dù ń gba ibẹ̀ wọlé.

Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì sanwó, ẹ ní kí wọ́n ṣí gbogbo ṣéńbà, kí ẹ ṣí gbogbo ẹ̀rọ omi ilé náà fún bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹnì kan dúró síta máa wo bí omi ṣe ń kọjá. Bí onílé bá ní kò sáyè, ẹ ní kó dín owó kù. Àwa ti ya àwòrán ọ̀nà páìpù ilé wa, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ibi tí mítà iná wà, a sì fi ọ̀dà pupa sàmì sórí ìńtálọ́ọ̀kì tó bo ṣéńbà kejì.