Bí Ọkọ̀ Yín Bá Ń Lọ́ Tìkọ̀ Lẹ́yìn Tí Wọ́n Yọ Kàtálíìsì Rẹ̀

Ẹ̀yin abiyamọ tí ẹ ń wa ọkọ̀ fúnra yín, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Ní agbègbè wa ní àríwá Èkìtì lónìí, ọ̀pọ̀ ìyàwó ilé ni ó ń gbé àwọn ọmọ lọ sí ilé-ìwé kí ó tó sáré lọ sí ibi iṣẹ́, ìbáà ṣe ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Ọyẹ́ àti Ìkọ̀lé, tàbí ní ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó. Tòkunbọ̀ ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọkọ̀ tí a ń lò. Bí ẹ bá dé ẹsẹ̀ òkè kan, tí ẹ tẹ iná fún ọkọ̀, tí ó kọ́kọ́ fà sẹ́yìn bí ọmọ tí a rán níṣẹ́ tí kò wù ú, tí ó sì tún fò síwájú lójijì, jìnnìjìnnì a máa bo ènìyàn, pàápàá bí tírélà bá ń bọ̀ lẹ́yìn.

Bí ẹ bá ronú sẹ́yìn, ó ṣeé ṣe kí ẹ rántí pé kò pẹ́ tí mẹkáníìkì yọ ohun kan kúrò lábẹ́ ọkọ̀ náà ni ìlọ́tìkọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Kàtálíìsì ni wọ́n ń pè é. Àpótí irin kékeré ni, tí a so mọ́ ọ̀nà tí èéfín ń gbà jáde, ṣíwájú sàlẹ́ńsà. Inú rẹ̀ dà bí afárá oyin, wọ́n sì fi àwọn irin olówó iyebíye, platinum, palladium àti rhodium, kùn ún lára fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bí èéfín gbígbóná ti ń gba àárín rẹ̀ kọjá ni ó ń sọ púpọ̀ nínú májèlé èéfín náà di ohun tí kò léwu tó bẹ́ẹ̀. Láti orí ọkọ̀ ọdún 1975 ni wọ́n ti ń fi í sí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà.

Nítorí irin wọ̀nyí ni àwọn kan fi ń kiri láti ọgbà mẹkáníìkì kan sí èkejì, tí wọ́n ń ra kàtálíìsì àlòkù. Nítorí wọn náà ni a fi máa ń gbọ́ pé, “Màdáámù, ó ti dí, ẹ jẹ́ kí a yọ ọ́ dànù,” tí ohun tí a ní kí a dànù náà yóò sì di owó lápò ẹlòmíràn. Àwọn ọkọ̀ mìíràn kò tilẹ̀ ní in lára mọ́ kí wọ́n tó gúnlẹ̀ síbí. Nígbà tí àwọn aláyẹ̀wò ìjọba ilẹ̀ Netherlands yẹ àwọn ọkọ̀ àlòkù tí wọ́n fẹ́ kó wá sí Áfíríkà wò, ìròyìn tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2020 fi hàn pé wọ́n ti yọ kàtálíìsì kúrò lára àwọn kan.

Ṣé àìsí kàtálíìsì ni ó ń mú ọkọ̀ lọ́ tìkọ̀? Lọ́pọ̀ ìgbà, rárá ni. Ọkọ̀ ìgbàlódé ní ọpọlọ tirẹ̀, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní bíréènì bọ́ọ̀sì. Sẹ́ńsọ̀ tí ó wà ṣíwájú kàtálíìsì ni ó ń tọ́ èéfín wò bí a ti ń tọ́ ọbẹ̀ wò, tí ó sì ń sọ fún ọpọlọ náà bóyá epo pọ̀ jù tàbí kò tó. Sẹ́ńsọ̀ ẹ̀yìn kò ní iṣẹ́ tí ó pọ̀ ju kí ó máa ṣọ́ kàtálíìsì lọ. Bí kàtálíìsì kò bá sí mọ́, sẹ́ńsọ̀ ẹ̀yìn yóò figbe ta, iná ẹ́ńjìnnì yóò tàn níwájú yín, ẹ̀rọ ayẹ̀wò yóò sì gbé kọ́ọ̀dù P0420 jáde, tàbí P0430 bí ẹ́ńjìnnì bá jẹ́ alápá méjì. Kọ́ọ̀dù yìí nìkan kì í sábà dá ọkọ̀ dúró lórí òkè.

Iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tí ó yọ ọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bí wẹ́dà bá jó páìpù sí àyè kàtálíìsì, tí ojú ibi tí ó jó pọ̀ kò sì dí dáadáa, afẹ́fẹ́ ìta yóò máa yọ́ wọlé. Bí ihò náà bá súnmọ́ sẹ́ńsọ̀ iwájú, irọ́ ni sẹ́ńsọ̀ náà yóò máa pa láìmọ̀: yóò ní afẹ́fẹ́ pọ̀, epo kò tó. Ọpọlọ ọkọ̀ yóò gbà á gbọ́, yóò sì máa da epo sí i. Ẹ óò rí i pé ọkọ̀ ń mu epo bí ẹni mu omi, kọ́ọ̀dù P0171 sì lè jáde. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, iná wẹ́dà ni ó jó wáyà sẹ́ńsọ̀, tàbí kí wọ́n já a nígbà tí wọ́n ń fi agbára fa páìpù.

Ohun kejì ni èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rò: kàtálíìsì kì í ṣàdédé dí. Púlọ́ọ̀gì tàbí kọ́ìlì tí kò tan iná dáadáa ni ó sábà máa ń jẹ́ kí epo tí kò jóná ṣàn dé inú rẹ̀, kí ó jóná níbẹ̀, kí ó sì yọ́ afárá náà. Bí wọ́n bá yọ kàtálíìsì, tí wọn kò tọ́jú púlọ́ọ̀gì, àìsàn náà ṣì wà nínú ara.

Nítorí náà, ẹ má ṣe ra ohunkóhun ní ọjọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ lọ. Ẹ sọ fún mẹkáníìkì bóyá ọkọ̀ ti ń lọ́ tìkọ̀ kí wọ́n tó yọ kàtálíìsì, àti bóyá ìgbà tí ó tutù ni tàbí ìgbà tí ó gbóná. Kí ó ka kọ́ọ̀dù, kí ẹ kọ wọ́n sínú ìwé kí ó tó pa wọ́n rẹ́. Lẹ́yìn èyí, kí ó tan ẹ́ńjìnnì ní òwúrọ̀ nígbà tí páìpù ṣì tutù, ní ìta gbangba tí kò sí ọmọdé nítòsí, kí ó fi àkísà dí ẹnu ibi èéfín fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí ẹlòmíràn sì da omi ọṣẹ sí ojú ibi tí wọ́n jó. Ibi tí ọṣẹ bá ti ń hó, ibẹ̀ ni ó lu. Bí kò bá lu, kí wọ́n yẹ sẹ́ńsọ̀ iwájú àti wáyà rẹ̀ wò. Bí kọ́ọ̀dù P0301 bá jáde, sìlíńdà kìn-ín-ní ni kò jóná dáadáa. Kí ó gbé kọ́ìlì ibẹ̀ lọ sí ìkẹta, kí ó gbé ti ìkẹta wá síbẹ̀. Bí kọ́ọ̀dù bá yí sí P0303, kọ́ìlì náà ni ó bàjẹ́, ẹ kò sì tíì ná kọ́bọ̀. Ẹ má gbàgbé ajọ́ afẹ́fẹ́, tí eruku ọyẹ́ máa ń dí pa, àti epo fúnra rẹ̀: ní oṣù kejì ọdún 2022, epo tí methanol pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ ọjà Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ awakọ̀ sì ké gbàjarè.

Àwọn kan yóò ní kí wọ́n fi irin kékeré kan ti sẹ́ńsọ̀ ẹ̀yìn sẹ́yìn kí iná iwájú lè kú. Iná ni ó tàn jẹ. Èéfín kò yí padà.

Ọ̀rọ̀ èéfín yìí ni ó sì ká mi lára jù. Gáàsì carbon monoxide tí ó ń pa ìdílé mọ́ inú ilé nígbà tí wọ́n bá gbé jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀ọ̀dẹ̀, òun kan náà ni ó wà nínú èéfín ọkọ̀. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Páìpù tí ó lu lábẹ́ ọkọ̀ lè máa tú u sínú ibi tí àwọn ọmọ jókòó sí, pàápàá bí ẹ bá ṣí búùtù sílẹ̀ nítorí iṣu tí ẹ rà lọ́jà. Bí orí bá ń fọ́ yín, tí òòyì ń kọ́ yín, tí èébì ń gbé àwọn ọmọ tàbí tí wọ́n ń sùn lọ lọ́nà tí kò yé yín, ẹ dúró, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ kó gbogbo wọn bọ́ sílẹ̀ sínú afẹ́fẹ́, kí ẹ sì wá ọkọ̀ mìíràn gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Aláboyún kò gbọdọ̀ fi í ṣeré rárá, nítorí ọmọ inú a máa jìyà rẹ̀ ju ìyá lọ.

Kàtálíìsì tuntun wọ́n. Bí owó rẹ̀ kò bá tíì sí, kí wọ́n jó páìpù náà kí ó dí pinpin ní báyìí, kí ẹ máa kó owó jọ díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé tiyín ṣì wà lára ọkọ̀, tí ẹnìkan ní ó ti dí, ẹ ní kí ó tú sẹ́ńsọ̀ iwájú, kí ó fi ẹ̀rọ tí a fi ń wọn agbára èéfín sí ihò rẹ̀, kí ẹ fi ojú ara yín rí i. Bí ó bá dí lóòótọ́, tí wọ́n sì yọ ọ́, kí wọ́n gbé e sínú búùtù yín kí ẹ tó sanwó, nítorí ẹrù yín ni.