Bí ọpọlọ ṣe ń sọ ìran di àmì

Sísọ ìran di àmì ni iṣẹ́ tí ojú àti ọpọlọ jọ ń ṣe láti yí ìmọ́lẹ̀ tó wọ inú ẹyinjú padà sí àmì tí àwọn sẹ́ẹ̀lì lè fi ránṣẹ́ sí ara wọn. Ìran àdánidá ni àwọn onímọ̀ ń pe ohun tí ojú ń bá pàdé lójoojúmọ́: igbó, odò, òpópónà, ojú ènìyàn.

Ọ̀nà tí ìròyìn náà ń gbà kò gbòòrò. Sẹ́ẹ̀lì tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú ojú kan lé ní 100 mílíọ̀nù, ṣùgbọ́n okùn inú iṣan tó so ojú mọ́ ọpọlọ kò ju bíi mílíọ̀nù kan lọ. Nítorí náà, ojú gbọ́dọ̀ ṣa ohun tí yóò fi ránṣẹ́.

Ní 1961, Horace Barlow, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dábàá pé ohun tí ó ṣeé sọ tẹ́lẹ̀ ni ojú ń yọ kúrò. Ó jọ bí àwọn ènìyàn ṣe ń kọ Yorùbá lórí fóònù láìfi àmì ohùn sí i: wọ́n gbà pé olùkàwé yóò fúnra rẹ̀ parí rẹ̀ (bí ó tilẹ̀ ń ṣì í kà nígbà mìíràn). Bí ènìyàn bá dúró lábẹ́ afárá Jíbówú, ní ọ̀nà Ìkòròdú ní Èkó, tí danfo kan sì kọjá, àwọ̀ ìyeyè kan náà ló bo èyí tó pọ̀ jù nínú ara ọkọ̀ náà. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ìmọ́lẹ̀ kan náà bà lé a máa pa ara wọn lẹ́nu mọ́. Ibi tí ìlà dúdú ti pàdé ìyeyè ni àmì ti ń lágbára.

David Hubel àti Torsten Wiesel fi hàn ní 1959 pé nínú ọpọlọ ológbò, sẹ́ẹ̀lì kan lè dáhùn sí ìlà òòró kí ó má sì ka ti ìbú sí. Wọ́n wà lára àwọn tó gba Ẹ̀bùn Nobel ní 1981. Ní 1996, Bruno Olshausen àti David Field ní kí kọ̀ǹpútà fi ìwọ̀nba àmì díẹ̀ ṣàpèjúwe àwòrán ìran àdánidá. Àwọn àmì tí kọ̀ǹpútà náà kọ́ fúnra rẹ̀ jọ ti ọpọlọ ológbò náà gidigidi.

Okùn iṣan ojú yìí gan-an ni àìsàn glaucoma ń pa. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 àti 2007, òun ló ṣe ìkejì, lẹ́yìn cataract, nínú ohun tó ń fọ́ ojú àwọn ẹni 40 ọdún sókè. Ọpọlọ a máa fi ohun tó yí àlàfo ká dí i, èyí ni kì í jẹ́ kí aláìsàn tètè fura. Okùn tó bá ti kú kì í sì í hù padà.