Nọ́ńbà Yín Kò Ní Sọnù: Ẹ Bá Ilé-Iṣẹ́ Fóònù Ná An!

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, kò sẹ́ni tó mọ ọjà ná tó yín. Ẹni tó lè fi ìdajì wákàtí bá oníṣu fa "ẹ ṣì dín in díẹ̀ sí i", bó bá dórí ọ̀rọ̀ fóònù, iye tí wọ́n bá pè ló ń san. Kò ní janpata, kò ní béèrè. Ẹ̀rù ló ń bà á. Ẹ̀rù kí ni? Ẹ̀rù kí nọ́ńbà má lọ sọnù.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá onírẹsì kan ní Warehouse Road, l'Ápápá, ṣe àpẹẹrẹ. Ọdún mẹ́wàá ló ti ń lo nọ́ńbà kan ṣoṣo. Awakọ̀ tírélà tó ń ti èbúté bọ̀ mọ nọ́ńbà náà. Àwọn akọ̀wé ọ́fíìsì mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ń já ọjà fún un láti Boundary ní Ajégúnlẹ̀ mọ̀ ọ́n. Orí rẹ̀ náà ni àlẹ́ẹ̀tì báńkì ń wọlé sí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tó ti kó wọ ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́yìn ògiri ńlá kan, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dúró mọ́. Oníbàárà á pè, á tún pè, kò ní wọlé. Ebi ò sì gbọ́ àwáwí, ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n ń gbà lọ.

"Màmá, ẹ yáa kúrò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yìí," ni ọmọ rẹ̀ wí.

"Kí n kúrò ńbẹ̀ kẹ̀? Ṣé o fẹ́ kí n ti ọjà mi pa ni? Nọ́ńbà yẹn ni ṣọ́ọ̀bù mi!"

Òótọ́ ni ìyá náà sọ. Àmọ́ òótọ́ àtijọ́ ni.

NÍGBÀ TÍ KÒ SÍBI À Á YÀ SÍ

Ọdún 2001 ni fóònù GSM dé Nàìjíríà. Econet àti MTN ló kọ́kọ́ gbé e dé ọwọ́ aráàlú. Láyé ìgbà náà, ₦50 ni ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó bá pe ilé, tó kàn sọ pé "mo ti dé o", tó sì pa á, owó ìṣẹ́jú kan gbáko ló san yẹn. Ariwo pọ̀. Nígbà tó di ọjọ́ 19, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2003, ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà pa fóònù wọn láti fẹ̀hónú hàn pé ọ̀wọ́n náà pọ̀ jù.

Ohun tó tún kì wọ́n lọ́wọ́ ni pé ọlọ́jà mìíràn ti pàtẹ. Glo, ilé-iṣẹ́ Mike Adenuga, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹjọ ọdún náà gan-an, ìṣẹ́jú-àáyá ló sì fi ń ka owó tiẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn yòókù náà bẹ̀rẹ̀ sí í kà á bẹ́ẹ̀. Ẹ ò rí i? Bí a bá ń ta tòmátì lójú kan ṣoṣo, owó gọbọi ni. Bí ìsọ̀ bá di mẹ́ta, owó á wálẹ̀.

Síbẹ̀, okùn kan ṣì wà lẹ́sẹ̀ oníbàárà. Ẹni tó bá fẹ́ lọ síbòmíràn, nọ́ńbà rẹ̀ kò ní tẹ̀ lé e. Ta ló máa fi nọ́ńbà tí gbogbo ọjà mọ̀ sílẹ̀?

OKÙN JÁ NÍ 2013

Lọ́jọ́ 22, oṣù kẹrin, ọdún 2013, àjọ NCC, tó ń mójú tó iṣẹ́ fóònù lórílẹ̀-èdè yìí, já okùn náà. Ghana ti ṣe tiwọn ní 2011. Láti ìgbà náà, ẹ lè kúrò nílé-iṣẹ́ kan bọ́ sí òmíràn, kí ẹ sì gbé nọ́ńbà yín dání. Pọ́ọ̀tì ni wọ́n ń pè é.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tí ẹ ń lọ lẹ ó lọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ èyí tí ẹ ń fi sílẹ̀. Wọ́n á gba orúkọ àti NIN yín, wọ́n á fún yín ní síìmù tuntun. Láti orí síìmù àtijọ́, ẹ ó kọ PORT ránṣẹ́ sí 3232. Bí wọ́n bá ti parí rẹ̀, síìmù àtijọ́ á kú, tuntun á jí, nọ́ńbà á sì wà bó ṣe wà.

Àmọ́ ẹ fetí sílẹ̀ o! Owó tó bá kù lórí síìmù àtijọ́ kò ní bá yín lọ, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ ná an tán. Bó bá jẹ́ pé orúkọ ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ yín ni wọ́n fi gba síìmù náà, ẹ tètè lọ tún un ṣe kó di orúkọ yín. Kẹ́ ẹ sì tó lọ, ẹ yá fóònù ẹni tó ń lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì tuntun náà, ẹ fi pè nínú ṣọ́ọ̀bù yín. Ẹ má torí eṣinṣin kó sẹ́nu kìnnìún.

BÍ WỌ́N ṢE Ń NÁ AN

Àwọn èèyàn wa ní Peckham, nílùú London, mọ ọgbọ́n yìí. Fóònù àdéhùn ọdún kan tàbí méjì ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò. Láti oṣù kejì ọdún 2020, òfin ibẹ̀ ni pé kí ilé-iṣẹ́ kọ̀wé sí oníbàárà ní ọjọ́ 10 sí 40 kí àdéhùn tó parí, kí wọ́n sọ iye tó máa máa san àti èyí tó dára jù tí wọ́n ní. Ẹni tó bá gbọ́n á pè wọ́n pé, "Mo ń lọ o." Àwọn tó wà fún dídá oníbàárà dúró á gba fóònù, owó á sì máa já wálẹ̀.

Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? Ẹ má retí pé ọmọ tó jókòó ní káńtà á dín owó ìpè bí ẹni dín owó ata. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ìsanwó pọ̀ lọ́dọ̀ wọn, wọn kì í sọ ọ́ fún ẹni tí kò béèrè. Nígbà tí dátà oṣù yín bá ń parí lọ, ẹ tẹ 300, kí ẹ sọ pé: "Ẹ jọ̀ọ́, iye báyìí ni mò ń ná lóṣù. Èwo ló rọjú jù fún irú mi? Kí lẹ ó fi kún un? Àbí kí n pọ́ọ̀tì?" Ẹ tún bi wọ́n bóyá wọ́n á máa yọ owó fúnra wọn tí oṣù bá pé. Bí ẹ kò bá fẹ́ ẹ, ẹ ní kí wọ́n dá a dúró. Ẹni tó ń lo láìnì mẹ́ta mẹ́rin fún iṣẹ́, tó ń sanwó lópin oṣù, agbára tiẹ̀ láti ná an tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá fẹjọ́ sùn wọ́n tí wọn ò dáhùn, ẹ pe NCC lórí 622.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣe é fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù ń béèrè pé kí owó ìpè fi ìdá 100 lé. NCC gbà fún wọn títí dé ìdá 50. Owó náà ti gbẹ́nu sókè, ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ìyá onírẹsì Warehouse Road mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kò kàn tíì fi dán fóònù wò ni. Bí oníbàárà bá ná an títí, tí kò gbà, tí oníbàárà kọ̀yìn, tó gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta, ta ló máa ń pariwo pé "Oníbàárà mi, ẹ padà, ẹ mú owó yín wá"?

Òun náà ni. Ohun tí ilé-iṣẹ́ fóònù ń bẹ̀rù nìyẹn: ẹsẹ̀ mẹ́ta.