Ẹ Jẹ́ Kí Ìjì Kọjá Kí Bàálù Tó Gbéra

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá ọdún 2006, òjò ṣú dùdù sí pápákọ̀ òfurufú Àbújá. Bàálù ADC kan, Boeing 737, ti gba èrò tán, ó fẹ́ lọ sí Sókótó. Èèyàn 105 ló wà nínú rẹ̀. Sultan Sókótó, Alhaji Muhammadu Maccido, wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ sẹ́nétọ̀. Ìjì ti ń jà, awakọ̀ sì mọ̀ pé ó ń jà. Ó gbéra. Kò tíì jìnnà sí pápákọ̀ tó fi já lulẹ̀. Èèyàn 96 ló bá a lọ, àwọn 9 péré ló yè.

Nígbà tí AIB, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣèwádìí ìjàm̀bá bàálù, tí wọ́n ń pè ní NSIB báyìí, parí iṣẹ́ rẹ̀, ìpinnu awakọ̀ ló kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Wọ́n ní ó mọ̀ pé ojú ọjọ́ kò dára, síbẹ̀ ó gbéra. Wọ́n tún ní nígbà tí atẹ́gùn mú un lójú òfurufú, kò ṣe ohun tí wọ́n ń kọ́ awakọ̀ láti ṣe kí bàálù lè bọ́ nínú rẹ̀.

Iṣẹ́ ojú ọjọ́ ni mo ṣe jẹun. Pápákọ̀ Ìkẹjà ni mo wà kí n tó fẹ̀yìn tì sí Ìdí-Àràbà níbí, lẹ́bàá ilé ìwòsàn LUTH. Iṣẹ́ wa ni kí a wo ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá àti bí ó ṣe le tó, kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí a fi ránṣẹ́ sílé ìṣọ́, kí àwọn tó wà níbẹ̀ kà á fún awakọ̀. Ibẹ̀ ni agbára wa parí sí. Kí bàálù sá, tàbí kí ó dúró, ọ̀gá awakọ̀ ló ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún ẹni tó bá bi mí pé ìpinnu ẹnìkan ṣoṣo ni ẹ̀mí gbogbo èrò rọ̀ mọ́.

Ọ̀pọ̀ èrò kò mọ̀ pé bàálù fẹ́ràn atẹ́gùn tó bá kọjú sí i. Káfíńtà tó bá gbé odindi páànù gun òrùlé mọ̀ ọ́n dáadáa: bí atẹ́gùn bá bọ́ sábẹ́ páànù yẹn, á fẹ́ gbé òun àti páànù lọ. Irú agbára bẹ́ẹ̀ ni apá bàálù ń wá. Ẹ mú Cessna 172, bàálù kékeré oníjòkòó mẹ́rin tí àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ awakọ̀ ń lò káàkiri ayé. Atẹ́gùn tó ń gba ara apá rẹ̀ kọjá gbọ́dọ̀ sáré tó nǹkan bíi nọ́ọ̀tì 55, ìyẹn bíi kìlómítà 100 ní wákàtí kan, kí ó tó lè kúrò nílẹ̀. Bí atẹ́gùn nọ́ọ̀tì 15 bá ń bọ̀ níwájú, kí bàálù sá eré 40 lórí ilẹ̀ ti tó. Bí 15 kan náà bá ń tì í lẹ́yìn, ó di dandan kí ó sá 70, ojú ọ̀nà sì lè tán mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Bí ó bá ń gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, nọ́ọ̀tì 15 yẹn náà ni àwọn tó ṣe bàálù ọ̀hún kọ sínú ìwé rẹ̀ pé àwọn dán wò dé.

Ní Èkó, atẹ́gùn òkun láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ló ń fẹ́ lọ́pọ̀ ọjọ́, ìdí nìyẹn tí bàálù fi sábà máa ń kọjú sí gúúsù gbéra ní Ìkẹjà. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò bá ń bẹ̀rẹ̀, láti oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, àti nígbà tó bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá, ìlà-oòrùn ni ìjì ti ń wá. Mo máa ń rí i láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè ilé mi. Aṣọ tí àwọn ayálégbé sá sórí okùn á máa fẹ́ lẹ́lẹ́ sí apá Ṣómólú. Lójijì, á dúró jẹ́ẹ́, ooru á mú. Kí ẹni tó ni aṣọ tó sọ̀ kalẹ̀ wá ká a, gbogbo rẹ̀ ti yí padà, ó ń nà sí apá Ìsọlọ̀, eruku ti gba Títì Ìṣàgá kan, páànù ń ké. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Awakọ̀ tó gbọ́ ìròyìn atẹ́gùn kí aṣọ wọ̀nyẹn tó yí, ìròyìn àná ló ń lò.

Inú irú ìjì bẹ́ẹ̀ ni èyí tó burú jù fara pamọ́ sí. Atẹ́gùn tútù máa ń já wálẹ̀ láti inú òjò tó ṣú, á kan ilẹ̀, á sì tú ká sí gbogbo ẹ̀gbẹ́. Bàálù tó bá fẹ́ la àárín rẹ̀ kọjá, atẹ́gùn iwájú ni yóò kọ́kọ́ pàdé, á gbé e sókè, ọkàn awakọ̀ á balẹ̀. Lẹ́yìn èyí, atẹ́gùn òkè á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, atẹ́gùn ẹ̀yìn á sì gba eré lára rẹ̀. Bàálù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra kò tíì ga tó ẹni tí yóò ráyè tún un ṣe. Tetsuya Fujita, ọ̀jọ̀gbọ́n ọmọ ilẹ̀ Japan ní Yunifásítì Chicago, ló ṣàlàyé rẹ̀ fún aráyé lẹ́yìn tí bàálù Eastern kan já ní New York ní oṣù kẹfà ọdún 1975, tí èèyàn 113 kú. Atẹ́gùn yìí kì í fẹ̀ ju kìlómítà mẹ́rin lọ, kì í sì í sábà pẹ́ ju ìṣẹ́jú 15 lọ. Ẹni tó bá lè fara da ìdajì wákàtí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bàálù kékeré ni ọ̀rọ̀ yìí le fún jù, torí ó fúyẹ́, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò sì ní agbára púpọ̀ tí yóò fi jà. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 1996, Cessna kékeré kan gbéra ní Cheyenne, ní Amẹ́ríkà. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún méje, Jessica Dubroff, wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú bàbá rẹ̀ àti olùkọ́ tó ń kọ́ ọ ní wíwa bàálù. Wọ́n fẹ́ fò la Amẹ́ríkà já, àwọn oníròyìn sì ń tẹ̀ lé ìrìn-àjò náà. Òjò ń rọ̀, atẹ́gùn líle ń fẹ́, ẹrù bàálù ti pọ̀ ju òṣùwọ̀n lọ, ìlú náà sì wà lórí òkè gíga tí afẹ́fẹ́ kò ti nípọn. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló kú. Àwọn olùṣèwádìí dá ìpinnu olùkọ́ náà lẹ́bi, wọ́n sì ní bí wọ́n ṣe ń sáré kí ètò ìrìn-àjò má bàa yẹ̀ wà lára ohun tó fà á.

Irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ ń pani kódà níbi tí kò ti sí ìjì. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá ọdún 2013, bàálù Embraer 120 tó ń gbé òkú gómìnà Oǹdó tẹ́lẹ̀, Olúṣẹ́gun Àgágù, lọ sí Àkúrẹ́ já ní pápákọ̀ Ìkẹjà. Ẹ̀rọ inú bàálù ti ń kìlọ̀ nígbà tó ń sáré lórí ilẹ̀ pé nǹkan kò tò. Ààyè àtidúró ṣì wà. Wọn kò dúró.

Láìpẹ́ yìí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ládùúgbò wa tó ń ta ohun èlò ilé ìwòsàn wá bá mi tìbínú-tìbínú.

“Bàbá, ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n fi wá ṣe. A ti jókòó tán, awakọ̀ ní òun ò lọ, torí òjò tí kò tíì rọ̀! Oníbàárà mi l'Ábùújá ti lọ ra ọjà lọ́dọ̀ ẹlòmíì.”

“Kí lẹ wá ṣe?”

“A pariwo mọ́ wọn, sà. Àwọn kan tiẹ̀ ní kí wọ́n lọ wá awakọ̀ míì wá.”

“Ọmọ mi, ẹni tí ẹ pariwo mọ́ yẹn gan-an ló yẹ kí ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná.”

Ariwo yẹn máa ń dé etí awakọ̀. Ó ń gbọ́ ti èrò, ó ń gbọ́ ti ẹni tó ni bàálù, ó sì mọ̀ pé pápákọ̀ tí òun ń lọ lè má ní iná alẹ́. Ẹ̀yin olówó tó ń háyà bàálù kékeré lọ síbi ìnáwó, ẹ má fi fóònù lé awakọ̀ ní eré. Ẹ̀yin tó ni ilé-iṣẹ́ bàálù, ẹ má ṣe fìyà jẹ awakọ̀ tó dúró nítorí ìjì. Ẹ̀yin awakọ̀, àṣẹ wà lọ́wọ́ yín, ẹ lò ó. Ẹ̀yin èrò, ẹ̀mí kò láàrọ̀: bí awakọ̀ bá ní òun yóò dúró kí ìjì kọjá, ẹ jókòó, ẹ sì kí i pé ó ṣeun.