WỌ́N GÉ PÍKỌ́Ọ̀PÙ KÚRÚ NÍNÚ ILÉ! ÍŃṢÌ 14 NI WỌ́N YỌ DÀNÙ

Ẹ̀yin ìyá wa tẹ́ ẹ máa ń kó ẹrù sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù lọ sọ́jà, ẹ jókòó dáadáa kẹ́ ẹ tó ka èyí. Tí èèyàn bá ní píkọ́ọ̀pù tó gùn, tí ẹ̀yìn ẹ̀ gba apẹ̀rẹ̀ tòmátì rẹpẹtẹ, tí kò sì sí nǹkan tó ṣe é, kí lẹ rò pé ó yẹ kó fi ṣe? Ẹ máa ní kó fi kó ẹrù ni. Àmọ́ ní Amẹ́ríkà, àwọn kan wà tó jẹ́ pé irú mọ́tò yẹn gan-an ni wọ́n ń wá kiri. Tí wọ́n bá rà á délé tán, wọ́n á gbé e sórí ẹsẹ̀ irin nínú gáréèjì, wọ́n á tú ibi ẹrù sílẹ̀, wọ́n á wá gé ṣáásì ẹ̀ sí méjì. Bẹ́ẹ̀ ni o, ṣáásì! Àwọn irin gbọọrọ méjì tó jẹ́ eegun ẹ̀yìn mọ́tò, tí ẹnjìnnì àti ẹrù àti awakọ̀ fúnra ẹ̀ jọ jókòó lé.

Ìyá kan tó ń ta iṣu ládùúgbò wa tí mo sọ ọ́ fún bi mí pé ṣé orí onítọ̀hún pé. Orí ẹ̀ pé, ìyá. Ẹwà ló ń wá, owó náà sì wà níbẹ̀.

Mọ́tò tí wọ́n sábà máa ń ṣe báyìí fún ni Chevrolet C10, pàápàá àwọn tó jáde láàárín ọdún 1973 sí 1987. Square Body ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún, torí pé igun ẹ̀ mú bíi ti àpótí. Oríṣi méjì ni wọ́n ṣe. Ibi ẹrù èyí tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 8, ti èyí tó kúrú jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 6 ààbọ̀. Tẹ́ ẹ bá wọn èyí tó gùn láti àárín táyà iwájú dé àárín táyà ẹ̀yìn, íńṣì 131 ààbọ̀ ni. Ti èyí tó kúrú, íńṣì 117 ààbọ̀. Ẹ yọ ìkan kúrò lára ìkejì, íńṣì 14 lẹ máa rí. Íńṣì 14 yẹn ni gbogbo ariwo.

Àwọn àgbẹ̀, àwọn káfíńtà àti àwọn bíríkìlà ló ń ra èyí tó gùn nígbà náà, torí pé odidi pákó pẹlẹbẹ tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 8 ló máa sùn sínú ẹ̀ láìtẹ̀. Èyí tó kúrú wà fún ẹni tó fẹ́ gbáfẹ́ lọ́jọ́ Sátidé. Ìgbà tí ọdún pẹ́ títí, tí mọ́tò náà di ohun àtijọ́ táwọn èèyàn fẹ́ràn, èyí tó kúrú ló wá dọ̀wọ́n, torí pé ojú ń wò ó, ó rẹwà. Èyí tó gùn ṣì wà lóko, lẹ́yìn abà, owó ẹ̀ ò sì ga tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí owó ẹ̀ ò bá ká èyí tó kúrú ló máa ń ra èyí tó gùn, á wá fọwọ́ ara ẹ̀ sọ ọ́ di kúkúrú.

Kẹ́ ẹ má rò pé àjèjì pátápátá ni mọ́tò yìí sí wa, ilé iṣẹ́ General Motors tó ni Chevrolet náà ló ni Bedford títí di ọdún 1987. Ta ni kò mọ Bedford nínú ẹ̀yin àgbà? Òun làwọn káfíńtà wa kan pákó lé lórí tó fi di bọ́lẹ̀kájà. Lẹ́yìn náà làwọn wẹ́dà Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í jó ilé irin lé ṣáásì Mercedes 911, tó di mọ́lùé. Àwa ń wá bí ṣáásì ṣe máa gbé èèyàn sí i, àwọn ń wá bó ṣe máa gbé ẹrù tó dín. Kálukú pẹ̀lú ohun tó ń dùn ún.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọ gáréèjì lọ.

Ohun tí ọlọ́gbọ́n inú wọn kọ́kọ́ máa ń ṣe ni pé kó wo ìpẹtà. Láwọn ìpínlẹ̀ tí yìnyín ti ń bọ́, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì kí yìnyín lè yọ́, iyọ̀ yẹn ló sì ń jẹ irin abẹ́ mọ́tò. Ṣáásì tí iyọ̀ ti jẹ, ẹ wo ohun tẹ́ ẹ fẹ́ jó mọ́ kí ni! Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe fẹ́ràn mọ́tò tó wá láti ibi tó gbẹ, bí Arizona.

Ilẹ̀ tó tẹ́jú ni wọ́n á gbé e sí. Jáàkì nìkan ò tó o, ẹsẹ̀ irin tó dúró gbọn-in ni mọ́tò gbọ́dọ̀ jókòó lé, níwájú àti lẹ́yìn ibi tí wọ́n fẹ́ gé. Tí ẹ̀ẹ̀kan bá di méjì, ìkọ̀ọ̀kan á fẹ́ ṣubú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Wọ́n á tú wáyà bátìrì. Wọ́n á tú páìpù bíréèkì àti wáyà iná ẹ̀yìn. Wọ́n á sì yọ táǹkì epo.

Ẹ jẹ́ n dúró díẹ̀ lórí táǹkì yìí. Lára Square Body, inú ṣáásì kọ́ ni táǹkì wà, ẹ̀gbẹ́ ìta ló wà. Wàhálà gidi ló dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, torí iná tó lè sọ bí mọ́tò míì bá kọ lù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìjọba wọn bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí ẹ̀ ní 1992, ó di 1994 kí wọ́n tó parí ẹ̀. Ti ìkọlù nìyẹn. Ti ẹni tó fẹ́ jókòó tì í máa jó irin wá ńkọ́? Ẹ̀yin ọmọọṣẹ́ wẹ́dà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé táǹkì tó ti gbẹ ò léwu. Afẹ́fẹ́ epo tó kù nínú táǹkì òfìfo gan-an ló ń bú gbàù. Kí wọ́n yọ ọ́ kúrò, kí wọ́n sì gbé e jìnnà síbi iná.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan wíwọ̀n, ibẹ̀ sì lọ́jọ́ ń lọ sí. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe lè fi odidi ọjọ́ kan wọ̀n kó tó gé. Á so irin wúwo mọ́ okùn, bíi ti bíríkìlà tó ń wo ògiri, á jẹ́ kó rọ̀ láti ara ṣáásì dé ilẹ̀, á fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sílẹ̀ níbẹ̀. Á wọ̀n láti igun iwájú lọ́tùn-ún dé igun ẹ̀yìn lósì, á tún wọ̀n láti igun iwájú lósì dé igun ẹ̀yìn lọ́tùn-ún. Méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba kó tó gé e, kí wọ́n sì dọ́gba lẹ́yìn tó bá so ó pọ̀ tán. Bí wọn ò bá dọ́gba, ẹ̀yìn mọ́tò ò ní tẹ̀ lé iwájú. Ẹ máa rí i lójú títì tó ń fẹ̀gbẹ́ rìn bí akàn, táyà á sì máa jẹ lápá kan.

Kì í ṣe ibi tó bá wuni lèèyàn ń gé o. Íńṣì 14 yẹn, láàárín ẹ̀yìn ilé awakọ̀ sí ibi tí sípíríǹgì ẹ̀yìn ti so mọ́ ṣáásì ni wọ́n ti ń yọ ọ́, níbi tí irin ti lọ tààrà. Wọn kì í gé ibi tó tẹ̀ kọdọrọ, wọn kì í sì í gé ibi tí nǹkan ti so mọ́ ọn. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á tún dín ìdí ṣáásì kù lẹ́yìn táyà, kó má baà yọ síta lábẹ́ ibi ẹrù kúkúrú. Àwọn kan ń gé e tààrà látòkè délẹ̀. Àwọn míì ń gé e bí àtẹ̀gùn, kí ojú ìsopọ̀ má baà wà lójú kan ṣoṣo.

Gígé fúnra ẹ̀, kò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Mashíìnì tí wọ́n fi ń fáìlì irin ló ń ṣe é. Ẹni tí kò mọ nǹkankan gan-an lè gé ṣáásì. Síso ó pọ̀ ló kù.

Lẹ́yìn tí mo gba ìwé mẹ́wàá tí iṣẹ́ ò tètè yọjú, mo lo oṣù díẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi kan tó jẹ́ wẹ́dà. Ọjọ́ kan, ó ní kí n jó ìdè geéètì kan. Mo jó o, ó ń dán, mo gbọn ìdàrọ́ kúrò lójú ẹ̀, inú mi dùn. Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí onígeéètì fi padà wá, ìdè já, geéètì dùbúlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fi ojú ibẹ̀ hàn mí: òkè lásán ni iná mi mú, inú ò mú rárá, irin méjèèjì ò mọ ara wọn. Geéètì lèyí o, kò pa ẹnikẹ́ni. Ṣáásì tó ń sá eré ọgọ́ta máìlì ńkọ́, tí ìyàwó àti ọmọ jókòó sínú ẹ̀?

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fáìlì etí irin méjèèjì kó dagun, kí wọ́n sì fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀ láàárín ẹ̀, kí iná lè wọlé dé ìsàlẹ̀. Wọ́n á fi irin gbọọrọ tó tọ́ há ẹ̀gbẹ́ ṣáásì, kó má lè yẹ̀. Wọ́n á fi iná kàn án ní tótòtó, wọ́n á tún fi téèpù wọn igun sí igun. Bó bá ti yẹ̀, wọ́n á já a, wọ́n á tún un ṣe. Bó bá dọ́gba ni wọ́n tó máa jó o parí. Síbẹ̀, wọn kì í jó o lẹ́ẹ̀kan náà, torí iná ń fa irin. Wọ́n á jó díẹ̀ lọ́tùn-ún, wọ́n á kọjá sósì, wọ́n á jẹ́ kó tutù, wọ́n á tún padà.

Ó ku irin ìmúlọ́kàn. Irin pẹlẹbẹ ni wọ́n á gé kó ní ṣóńṣó lójú méjèèjì, bíi dáyámọ́ńdì inú káàdì, wọ́n á jó o mọ́ ojú ìsopọ̀. Kí ló dé tí kò ṣe ní igun mẹ́rin lásán? Ẹ ṣẹ́ bébà kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ kó mú, ojú ibi tẹ́ ẹ tẹ̀ yẹn ló máa ya sí. Bí irin pẹlẹbẹ bá parí ní ìlà tó dúró ṣánṣán, tí wọ́n wá jó ìlà yẹn látòkè délẹ̀, ojú ibi tí bébà ti máa ya ni wọ́n ṣe fún ṣáásì. Ṣóńṣó ń jẹ́ kí ìnira pín káàkiri.

Ẹ̀yin ọ̀gá wẹ́dà wa, mo bẹ̀ yín, ẹ má gbé ọgbọ́n yìí lọ sára tírélà. Irin ṣáásì píkọ́ọ̀pù kékeré yìí rọ̀, ó ń gba iná. Púpọ̀ nínú ṣáásì ọkọ̀ ńlá, wọ́n ti fi iná sè é kó le ni. Ẹ̀rọ ìjórin á tún sọ ibi tó bá kàn di ọ̀lẹ. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà máa ń kìlọ̀ pé kí wọ́n má jó o.

Ìyókù ò le tó bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n lè pa èèyàn náà. Irin tó ń yí lábẹ́ mọ́tò, tó ń gbé agbára lọ sí táyà ẹ̀yìn, ti gùn jù báyìí. Ọ̀dọ̀ tọ́nà ni wọ́n ń gbé e lọ, kó gé e, kó sì rí i pé ó ń yí láìgbọ̀n. Páìpù bíréèkì ní láti kúrú, kí wọ́n sì fa afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ jáde. Wáyà bíréèkì ọwọ́ náà ti gùn jù. Ní ti ibi ẹrù, àwọn kan ń ra kúkúrú lára mọ́tò tó ti kú, àwọn míì ń gé gígùn náà, ìyẹn sì ni iṣẹ́ pánẹ́bítà tòótọ́ nínú gbogbo ẹ̀.

Ta ló wá ń yẹ̀ ẹ́ wò? Ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀ ni òfin wọn. Ní Pennsylvania, mọ́tò gbọ́dọ̀ lọ fún àyẹ̀wò lọ́dọọdún. Texas, níbi tí píkọ́ọ̀pù pọ̀ sí bí yanrìn, fòpin sí àyẹ̀wò ààbò fún mọ́tò tí kì í ṣe ti òwò láti oṣù kìíní ọdún 2025. Nírú ibẹ̀, ẹni tó jó o náà ló máa dùbúlẹ̀ sábẹ́ ẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn tó bá ti wà á díẹ̀, kó wò ó bóyá ìlà tíńrín kan ti yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìsopọ̀. Bó bá rí i tó sì fi ọ̀dà bò ó, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀.

Ẹ̀yin wẹ́dà àti pánẹ́bítà tẹ́ ẹ ti gé ṣáásì rí, bóyá ẹ dín in kù ni o, bóyá ẹ fà á gùn ni o, ẹ kọ̀wé sí ojú ewé lẹ́tà wa. Ẹ sọ bẹ́ ẹ ṣe gé e, irin tẹ́ ẹ fi kún un, àti iye ọdún tí mọ́tò náà ti ń rìn. Ìyá oníṣu náà ní kí n bá òun béèrè o: àwọn ibi ẹrù gígùn tí wọ́n ń tú sílẹ̀ yẹn, ta ni wọ́n ń tà á fún, èló sì ni?