Ṣé o mọ̀? Kànga, ẹ̀wà àti ilẹ̀ tó dì gbagidi

Ṣé o mọ̀ pé ilẹ̀ wà tí kì í yọ́? Ó pọ̀ ní àríwá Rọ́ṣíà, Kánádà àti Alásíkà. Ilẹ̀ tó bá ti dì fún ọdún méjì gbáko láìyọ́ ti di ara irú ilẹ̀ yìí. Níbòmíràn ní Sìbéríà, dídì náà wọlẹ̀ kọjá 1,000 mítà.

Ṣé o mọ̀ pé ènìyàn ti gbẹ́ kànga síbẹ̀? Ní Ẹgbẹ́dá, l'Ékòó, tí o bá gbẹ́lẹ̀ dáadáa, wàá kan omi. Ní Yakutsk, ní Sìbéríà, oníṣòwò kan, Fyodor Shergin, gbẹ́ tirẹ̀ láti 1828 dé 1837, ó jìn tó 116 mítà, ẹ̀kán omi kan kò sun. Àwọn onímọ̀ wá fi kànga gbígbẹ náà wọn bí inú ilẹ̀ ṣe tutù tó.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn igi kan ń rá mọ́lẹ̀ lórí ilẹ̀ dídì? Òkè ilẹ̀ nìkan ló ń yọ́ nígbà ooru, gbòǹgbò kò rọ́nà lọ sísàlẹ̀. Igi ni ọ̀kan nínú wọn, Salix arctica, lóòótọ́, àmọ́ kì í sábà ga ju 15 sẹ̀ǹtímítà lọ.

Ilẹ̀ tiwa tí kì í dì ńkọ́? Ṣé o mọ ohun tó mú kí iyẹ̀pẹ̀ Ìkòtún, l'Ékòó, pọ́n? Irin ni! Òjò ọjọ́ pípẹ́ fọ oúnjẹ ilẹ̀ lọ, irin ṣẹ́kù, ó dípẹtà.

Ṣé o mọ ibi tí ewé wa ń wọlé sí? Ooru, ikán àti ekòló kì í jẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀. Ti ilẹ̀ dídì kì í tètè jẹrà. Nítorí náà, kábọ́ọ̀nù tó wà nínú ilẹ̀ dídì tó tírílíọ̀nù kan àtààbọ̀ tọ́ọ̀nù, nǹkan bí ìlọ́po méjì èyí tó wà nínú afẹ́fẹ́ ayé.

Ṣé o mọ̀ pé bí ilẹ̀ dídì bá yọ́, mẹ́tàánì wà lára ohun tó ń tú jáde? Gáàsì yìí kan náà ni pàǹtí tó ń jẹrà láìrí afẹ́fẹ́ ń tú ní ààtàn bíi Solous, ní Ìgàndò.

Ṣé o mọ̀ pé ní 2012, àwọn onímọ̀ Rọ́ṣíà kéde pé àwọn ti sọ ewéko kan jí? Ara èso tí ọ̀kẹ́rẹ́ kó pamọ́ sínú ilẹ̀ dídì ní nǹkan bí 30,000 ọdún sẹ́yìn ni wọ́n lò. Ó hù, ó tanná, ó so.

Ṣé o mọ̀ pé ẹ̀wà láti Ìbàdàn wà nínú ilẹ̀ dídì? Ní 2008, IITA, ilé ìwádìí ọ̀gbìn tó wà ní Ìbàdàn, kó irúgbìn ẹ̀wà ránṣẹ́ sí àká irúgbìn ayé ní Svalbard, ní Nọ́wè, nínú òkè. Ẹ̀rọ ló ń mú àká náà wà ní -18°C, àmọ́ bí iná bá lọ, òkè tó dì ṣì yí i ká.

Ṣé o mọ̀ pé omi wọ ẹnu ọ̀nà àká náà ní 2016, nígbà tí ooru mú jù? Omi náà tún dì kó tó dé ìdí irúgbìn. Ẹ̀wà kò rin, ṣùgbọ́n Nọ́wè ní láti tún ọ̀nà náà kọ́ kí omi má baà wọlé mọ́.